Ìgbàgbé Àwọn Àgbà àti Àwòrán Inú Ọpọlọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun)

  

Àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí títọ́jú òbí. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, apá kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ mú níbẹ̀, èyí tí a kì í sábà gbọ́ lórí mínbárì. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ṣe ni, nígbà tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan ju bí ó ti yẹ lọ, àti ibi tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ ti lè ràn wá lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tí kì í gbàgbé nínú wa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, sújúùdù ìgbàgbé kì bá tí sí nínú ìrun. Ẹni tí ó ń ṣiyèméjì bóyá rákáà mẹ́ta ni òun ti kí tàbí mẹ́rin, kò ṣàìsàn. Ìyá tí ó ń wá awò ojú rẹ̀ kiri yàrá nígbà tí awò náà wà lórí gèlè rẹ̀, kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ti ń lọ sí mọ́sálásí kan náà fún ogójì ọdún, tí ó wá jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà tí kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọjá ti sújúùdù.

Àwọn baba wa mọ irú nǹkan báyìí, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n ní onítọ̀hún ń ṣarán. Ohun tí ó burú ni pé bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọkàn wa á balẹ̀, a ó ní ogbó ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Nígbà mìíràn pàápàá, a kì í tètè rí i. Ní ìlú wa yìí, tí a mọ̀ káàkiri nítorí àwọn onílù dùndún, ẹ ó rí àgbà onílù tí ó lè fi ìlù ki ìdílé mẹ́wàá láìsinmi, tí kò sì rántí pé òun ti jẹun àárọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ á ní, "Orí Bàbá ṣì pé o, ẹ ò gbọ́ oríkì tí wọ́n ń lù ni?" Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà àfáà tí ó ka Yásínì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo ìwé, tí ó sì béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan pé ọmọ ta ni ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun, bẹ́ẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ohun àtijọ́ kì í tètè jáde lọ. Ohun òní ni kì í ráyè wọlé. Ìdí rẹ̀ wà nínú ọpọlọ, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé dé ilé-kéwú gíga yóò rántí ọ̀rọ̀ kan nínú ìmọ̀ hádíìsì tí à ń pè ní ikhtilat. Ìyẹn ni pé kí ẹni tí ó ń gba hádíìsì wá jẹ́ olódodo, kí ó sì há nǹkan dáadáa, títí ogbó tàbí àìsàn yóò fi da ìrántí rẹ̀ rú. Ata' ibn as-Sa'ib, ará Kúfà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí ni àwọn onímọ̀ ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Wọn kò pè é ní òpùrọ́, wọn kò sì da gbogbo ohun tí ó ti sọ nù. Wọ́n béèrè pé: láti ìgbà wo ni ìdàrúdàpọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Wọ́n wá ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí Sufyan ath-Thawri àti Shu'ba gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ṣeé gbà, nítorí wọ́n ti gbọ́ tiwọn ṣáájú. Ohun tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn gbọ́, wọ́n fi ìfura wò ó. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè wọn yẹn, "láti ìgbà wo?", ni àwọn dókítà ń fi ẹ̀rọ wá ìdáhùn sí lóde òní.

Ní ọdún 1906, dókítà ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alois Alzheimer ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan. Obìnrin náà kò tíì darúgbó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní 1901, tí kò mọ ibi tí ó wà, tí kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ parí. Lẹ́yìn tí ó kú, Alzheimer fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ọpọlọ rẹ̀. Ó rí ìdọ̀tí tí ó dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó sì tún rí fọ́nrán tí ó lọ́ mọ́ra wọn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Amyloid ni à ń pe ìdọ̀tí yẹn lónìí, tau sì ni à ń pe ohun tí ó di fọ́nrán. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òkú nìkan ni a lè rí àrídájú àrùn yìí lára rẹ̀. Ara alààyè, àfi kí dókítà fojú bù ú.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó yí èyí padà. Ti àkọ́kọ́ ni CT. Ní ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ya àwòrán orí alààyè, ní Lọ́ńdọ̀nù. Godfrey Hounsfield tí ó ṣe é, pẹ̀lú Allan Cormack, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1979. Ìtànṣán X-ray ni ó ń lò: ẹ̀rọ náà á yí orí ká, kọ̀ǹpútà á sì to ohun tí ó rí pọ̀, á wá fi inú orí hàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí a bá gé búrẹ́dì. Kì í gba àsìkò. Ó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú orí, ó ń rí kókó, ó ń rí ibi tí rọpárọsẹ̀ ti jà, ó sì ń rí i bí ọpọlọ bá ti ń sún kì.

Ẹ̀kejì ni MRI, tí òun kì í lo X-ray rárá. Òòfà ńlá ni. Ènìyàn á dùbúlẹ̀ sínú ihò rẹ̀, ìró rẹ̀ á sì máa dún bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin, nítorí náà kí ẹ ti sọ fún àgbà ṣáájú kí ẹ̀rù má bà á. Ẹni tí wọ́n bá fi irin tàbí ẹ̀rọ kankan sí lára, kí ó sọ kí ó tó wọlé. Ohun tí MRI fi dára ju CT lọ fún ọ̀rọ̀ wa yìí ni pé ó ń fi ibi kékeré kan hàn kedere, tí ó wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún ní apá etí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hippocampus, torí pé ó jọ ẹja kan tí orí rẹ̀ dà bíi ti ẹṣin. Ibẹ̀ ni ìrántí tuntun ń gbà wọlé kí ó tó di ohun tí a há sórí. Nínú àrùn Alzheimer, ó wà lára àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ ń sún kì. Ẹ ti wá rí ìdí tí oríkì fi ṣì wà lórí ọ̀pá ìlù, tí oúnjẹ àárọ̀ sì ti pòórá.

Ẹ̀kẹta ni PET. Wọ́n á gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, oògùn náà á lọ lẹ̀ mọ́ amyloid níbikíbi tí ó bá wà, ẹ̀rọ á sì máa rí ìtànṣán náà láti òde. Ní ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn, ní Uppsala ní ilẹ̀ Sweden, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ní 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún lílò ní àwọn ilé ìwòsàn wọn. Báyìí ni ohun tí Alzheimer rí lára òkú ṣe di ohun tí à ń rí lára alààyè. Ohun tí ó sì yani lẹ́nu ni pé amyloid ti máa ń kó jọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ìgbàgbé tó hàn síta. Ẹni tí a rí i pé ó ń ṣarán ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ṣeé ṣe kí ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń dá oko.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Àwọn àgbà kan wà tí amyloid wà nínú ọpọlọ wọn tí orí wọn ṣì pé, tí wọ́n sì kú bẹ́ẹ̀ láìṣarán. Ẹlẹ́rìí kan ni àwòrán jẹ́, adájọ́ a sì máa fẹ́ ẹlẹ́rìí ju ọ̀kan lọ. Kò sí dókítà tí ó mọṣẹ́ tí yóò ya àwòrán orí ẹni tí kò ní nǹkan kan tí ń ṣe é, kí ó wá sọ fún un pé yóò gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni mo ń sọ. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ béèrè ní Ìdíkàn, ní ìgboro Ìbàdàn. Ní ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbẹ̀. Nígbà náà, ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀ bóyá àrùn Alzheimer tilẹ̀ wà láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bá àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà náà kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n sì ń fi àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà àtijọ́ ka ọjọ́ orí wọn, bí àwa náà ti ń ṣe nílé. Wọ́n bi àgbà ní ìbéèrè, wọ́n sì tún bi ẹni tí ó ń bá a gbé. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá kọni lóminú, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, àwòrán CT sì wà lára ohun tí wọ́n fi wádìí àwọn kan síwájú sí i. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní ìlú Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Tiwa kò tó ìdajì tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun kò rí èsì náà, ó ti kú ní 1995.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà: ìbéèrè ní ẹnu ọ̀nà ilé ni ó ṣáájú, dókítà tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ni ó gbẹ̀yìn. Bí ó ti yẹ kí àwa náà tò ó nìyẹn, nítorí ẹ̀rọ kò pọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 péré ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà ní Nàìjíríà. Ti PET ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. CT ni ó sún mọ́ wa jù.

Èmi kò sì kà á sí àdánù ńlá pé CT ni ó sún mọ́ wa jù. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ohun púpọ̀ wà tí ó jọ ìṣarán tí kì í ṣe ìṣarán. Bàbá kan yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ó fi orí gbá ògiri, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ó ń sùn ní ọ̀sán gangan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rọra dà sí abẹ́ agbárí tí ó sì ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. CT á fi í hàn, oníṣẹ́ abẹ á fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni orí wọn sì ń padà bọ̀ sípò. Bí a kò bá gbé e lọ ńkọ́? A ó ní ogbó ni, yóò sì kú sí ọwọ́ wa. Ẹlòmíràn, omi ni ó pọ̀ jù nínú ọpọlọ rẹ̀: yóò máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìtọ̀ á máa bọ́ lára rẹ̀, á sì máa gbàgbé nǹkan. Ìyẹn náà ń hàn nínú àwòrán, wọ́n sì lè fi iṣẹ́ abẹ ràn án lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tọ́jú ti fa rọpárọsẹ̀ kéékèèké nínú orí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àpá wọn, tí wọ́n sì kápá ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ó lè máà burú sí i kíákíá.

Àwọn kan wà tí àwòrán kò ní fi nǹkan kan hàn lára wọn, tí ó jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ pé fítámì B12 kò tó lára wọn, tàbí tí ó jẹ́ pé ìbànújẹ́ ikú ọkọ tàbí aya ni. Àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ oògùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì lójoojúmọ́, Piriton àti oògùn oorun, ni ó ń da orí wọn rú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí àgbà ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà. Nítorí náà, ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ tí àwòrán orí ń ṣe tí mo kà sí jù ni pé ó ń yọ àwọn tí ó ṣeé wò sàn kúrò láàárín àwọn tí àrùn wọn kò tíì ní ìwòsàn.

Bí ó bá wá já sí Alzheimer gan-an, kí ni èrè mímọ̀ ọ́n ní kùtùkùtù? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn lecanemab ní 2023 àti donanemab ní 2024. Wọ́n ń dín eré àrùn náà kù díẹ̀ ni, wọn kì í wò ó sàn. Ẹni tí àrùn náà ṣì kéré lára rẹ̀, tí àyẹ̀wò sì ti fi amyloid hàn, ni wọ́n ń fún, wọ́n sì ń ya àwòrán MRI rẹ̀ léraléra nítorí ọpọlọ lè wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀. Ní 2025, wọ́n tún fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó lè tọ́ka sí amyloid. Èyí ni ó mú inú mi dùn jù, torí ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti gbà ju PET lọ. Ṣùgbọ́n èrè tí ó kàn wá lónìí kì í ṣe ti oògùn. Àsìkò ni.

Wàsíà kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí làákàyè ẹni tí ó ṣe é kò bá pé. Gbèsè tí bàbá jẹ, ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, ààlà oko rẹ̀, òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Àyọkà 282 nínú Súrátúl-Bákárà ti pèsè alágbàtọ́ fún ẹni tí òye rẹ̀ kò tó láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àdéhùn. Mo ti jókòó síbi ẹjọ́ kan rí tí ọmọ kan gbé ìwé ilẹ̀ síta tí bàbá wọn tẹ̀ka sí. Àwọn ọmọ yòókù ní ní ọjọ́ tí Bàbá tẹ̀ka, kò mọ orúkọ àwọn mọ́. Mo béèrè pé láti ìgbà wo? Kò sí ẹni tí ó lè sọ. Wọn kò gbé Bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, kò sí ìwé, kò sí àwòrán, Bàbá sì ti wọlẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọn kò kí ara wọn títí di òní.

Ti ìjọsìn rọrùn ju ti ilẹ̀ lọ. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ bá ti lọ, a ti gbé kálámù kúrò lórí rẹ̀. Bàbá tí ó kí ìrun àìlà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí tí ó jẹun ní ọ̀sán Ramadan, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Súrátúl-Ísírà kí a ṣe ṣíọ̀ sí wọn nígbà tí wọ́n bá dàgbà sọ́dọ̀ wa.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn ìyá wa. Ìyá àgbà á dìde ní òru, á ṣí ilẹ̀kùn, wọn á bá a ní ẹnu ọ̀nà onílé onílé pẹ̀lú aṣọ díẹ̀ lára. Wọn á pé lé e lórí. Wọn á ní, "Ìwọ ni o pa ọmọ lágbájá, àbí ìwọ kọ́?" Ìyá á ní òun ni. Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́ àjẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí ó wà, ohunkóhun tí ẹ bá bi í ni ó lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí! Ìjẹ́wọ́ ẹni tí kò ní làákàyè kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú ìdájọ́ Ìsìláàmù. Àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní àfáà a sì tún máa dá kún un, wọ́n á ní àlùjọ̀nnú ni, wọ́n á sì gba owó hàǹtú. Ibi tí ó yẹ kí ìyá náà wà ni iwájú dókítà.

Ọ̀nà kò jìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tàbí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan, láti 2012. Ẹ má lọ sanwó àwòrán kankan láìjẹ́ pé dókítà ni ó ní kí ẹ yà á. Owó rẹ̀ kò kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé a kì í rí owó àwòrán orí Bàbá nígbà tí ó wà láàyè, bí ó bá sì di ọjọ́ kẹjọ tí ó kú, a ó pa màlúù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ àwòrán yíyà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ọpọlọ tí a fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n mọ̀, ọpọlọ àwọn aláwọ̀ funfun ni. Àwọn ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ lórí èyí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus Akínyẹmí ní Ìbàdàn ni ó ń darí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Áfíríkà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí àrùn yìí. Wọ́n nílò ọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá padà délé, kí ẹni tí ó ní àgbà nílé fi ìwé pélébé kan sílẹ̀. Ọjọ́ tí Ìyá kọ́kọ́ ṣìnà, ẹ kọ ọ́. Ọjọ́ tí Bàbá ṣubú, ọjọ́ tí ó gbé owó pamọ́ tí ó ní wọ́n jí i, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú oṣù àti ọdún, kí ẹ sì mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo dúró níbí ná. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àwọn arábìnrin láàyè, torí èjìká wọn ni iṣẹ́ ìtọ́jú yìí ń já lé jù.